Fọ́ọ̀mù Róòmù Tó Wà Lábẹ́ Ẹ̀rọ Ìránṣọ Mi

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Sàngó, àti ẹ̀yin tí mo máa ń rán gáùnù fún lójú ọ̀nà Ìdíròkò, púpọ̀ nínú yín ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyàwó mi jẹ́rìí nípa ìrìn-àjò wa. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn kan nínú yín tiẹ̀ fò sókè. Lẹ́yìn náà ni Pásítọ̀ ní kí n kọ ìrìn-àjò náà sílẹ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì dáhùn pé kò burú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jókòó ti ìwé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo fà á ya. Èyí tí ẹ ń kà lọ́wọ́ ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Kì í ṣe irú èyí tí Pásítọ̀ ń retí, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Ìlú méjì

Ẹ mọ̀ mí. Láti Ìkirun ni mo ti wá sí Sàngó, mo wá ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, mo lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Orí bá mi ṣe é, àsìkò yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í hù káàkiri Ọ̀tà bí olú. Ọjọ́ tí yunifásítì bá ń gba ọmọ wọlé, gáùnù ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń jáde, gáùnù ni. Kwáyà ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan ló sì fẹ́ aṣọ tirẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì òdìkejì títì. Gáùnù ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi.

Síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi. Ọkọ Tíṣà ni gbogbo yín ń pè mí. Ìyàwó mi, Ìyá Tọ́pẹ́, ti ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi láti nǹkan bí ogún ọdún. Òun ló ni máàpù ńlá tó wà lára ògiri kíláàsì yẹn. Ó fi òwú pupa fa ọ̀nà tí wọ́n gbà gbé Àpọ́sítélì tó kọ̀wé sí àwọn ará Róòmù, tòun ti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, gba orí òkun lọ sí Róòmù, ó sì fi abẹ́rẹ́ olórí kan orí òwú náà mọ́ ibi tí Róòmù wà. Òwú àti abẹ́rẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi ló ti mú méjèèjì. Bí ọmọ kan bá bi í bóyá ó ti dé Róòmù rí, á ní, "Mi ò tíì dé ibẹ̀. Màá dé ibẹ̀."

Tọ́pẹ́, àkọ́bí wa, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ló pè wá lọ́jọ́ kan. Ó ní òun fẹ́ kí àwa méjèèjì rin ìrìn-àjò lọ sókè òkun kí ara wa tó di ara arúgbó. Ó ní òun ti wo ìlú ńlá méjì tí wọ́n ti wà láti ayébáyé, Róòmù, àti Ìsítáńbùlù ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ó ní kí a mú ọ̀kan.

"Kí la tún fẹ́ mú níbẹ̀?" ni ìyàwó mi wí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dádì Tọ́pẹ́, ṣé ẹ gbọ́? Róòmù mà ni!"

Mo gbọ́. Inú mi kò dùn.

Mo ti rí bí yóò ṣe rí. Ní Róòmù, òun ni yóò máa ṣàlàyé. Òun ni yóò mọ ibi tí ẹ̀wọ̀n wà, ibi tí ọba jókòó sí, ibi tí wọ́n ti pa tọ̀hún, èmi á máa gbé báàgì tẹ̀ lé e. Ọkọ Tíṣà ní Sàngó, Ọkọ Tíṣà ní Róòmù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó ń kó aṣọ wá láti Ìsítáńbùlù ti máa ń sọ fún mi pé aṣọ tó wà níbẹ̀, kò sí télọ̀ tó rí i tí kò ní yanu. Mo rò ó pé bí a bá dé ibẹ̀, èmi ni màá mọ nǹkan, òun ni á máa bi mí léèrè. Ìdí rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti wá ìdí mìíràn tó ga ju èyí lọ kí n tó kọ ìwé yìí, mi ò rí.

Àpòòwé méjì

Mo wá sọ fún un pé kí a gbìyànjú méjèèjì, èyí tí físà rẹ̀ bá bọ́ sí i, kí a lọ síbẹ̀. Ó gbà kíá. "Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run bá ṣí la máa gbà wọlé," bó ṣe wí nìyẹn.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ fọ́ọ̀mù Róòmù, ìkọ̀wé rẹ̀ tó gún régé tí gbogbo yín mọ̀ lójú pátákó. Níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tí a fẹ́ lọ ṣe, ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ fojú ara òun rí ibi tí wọ́n ti Àpọ́sítélì mọ́. Mo ní, "Wọn ò ní mọ Àpọ́sítélì tí ò ń sọ." Ó ní, "Wọ́n á mọ̀ ọ́n. Ìlú wọn ló kú sí."

Àpòòwé méjì ni mo gbé jáde nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé kí n lọ kó wọn fún ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn gba físà ní Ìkẹjà. Mo fi ti Ìsítáńbùlù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo gbé ti Róòmù padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tì í sínú àpótí kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo sì kó bọ́tìnì lé e lórí.

Ìyá Tọ́pẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lórí fọ́ọ̀mù Róòmù. Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́ àdúrà, ẹ bá a gbà á. Lójoojúmọ́, bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, ètè rẹ̀ á ti gbẹ, á sì fi omi gbígbóná ṣínu. Èmi ni mo ń bu omi náà fún un. Mo ń gbé ife fún un, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń sọ pé ọkàn òun balẹ̀ pé wọ́n á fún wa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní físà Ìsítáńbùlù ti bọ́ sí i, àwọn Róòmù ní rárá.

Kò sunkún. Ó ń ká aṣọ lọ́wọ́, ó ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. "Ṣé wọ́n sọ ìdí?"

"Wọn kì í sọ ìdí."

Irọ́ kan náà ni mo pa fún Tọ́pẹ́ lórí fóònù.

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Mo gbàgbé irú ẹni tí mo fẹ́. Ìyàwó mi gbà pé bí Ọlọ́run bá sọ pé rárá, ìdí wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí náà lára ara rẹ̀. Ó wá a títí ó fi dórí Ìyá Sùnmbọ̀.

Ẹ̀yin àgbà ṣọ́ọ̀ṣì rántí Ìyá Sùnmbọ̀, tí wọ́n jọ ń kọ́ ọmọ tẹ́lẹ̀. Òun ló sọ ọ́ kiri nígbà kan pé Ìyá Tọ́pẹ́ na ọmọ ọlọ́mọ títí ọmọ náà fi dákú. Kò rí bẹ́ẹ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ nígbà tó yá pé kò rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá Sùnmbọ̀ kò tọrọ àforíjì kó tó kó lọ sí Àtàn. Láti ìgbà náà, wọn kì í kí ara wọn.

"Èmi ni mo dì í sínú," ni ìyàwó mi wí. "Ó lè jẹ́ ìyẹn ló dínà fún mi. Ẹ gbé mi lọ sí Àtàn."

Mo gbé e lọ. Iwájú ilé ni a bá Ìyá Sùnmbọ̀, ó ń sá ẹ̀fọ́. Ó kéré sí ìyàwó mi lọ́jọ́ orí. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo ń wò. Ìyàwó mi, tí wọ́n purọ́ mọ́, lọ kúnlẹ̀ sórí iyanrìn fún ẹni tó purọ́ mọ́ ọn, ó ní kó dárí ji òun nítorí pé òun dì í sínú. Ìyá Sùnmbọ̀ kò tètè gbé e dìde. Ó jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó ń wo ọ̀dọ̀ mi bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá mo rí i. Mo rí i. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá péré ló wà láàárín wa. Mo ń fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ gbá itan mi.

Nínú ọkọ̀, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún rẹ̀. "Ara mi ti fúyẹ́," ó ní. "Ẹ wò ó, bí kò bá sí ti rárá tí wọ́n sọ yìí, mi ò bá má lọ."

Ìlú olókè

Ní ti Ìsítáńbùlù fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí, nítorí ìlú náà kò ṣẹ̀ mí.

Òtútù ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀. A ti rò pé ọyẹ́ la ń lọ bá, a sì mú súwẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe ọyẹ́. Òtútù tó ń ti inú bàtà wọlé ni. Ìyá Tọ́pẹ́ wọ bùbá méjì lé ara wọn, ó wọ súwẹ́tà lé e, ó tún ro ìró méjì. Bó ṣe ń gun àwọn òkè ìlú náà, pẹ̀lú gèlè lórí, gbogbo èèyàn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Obìnrin méjì ní kí òun àti àwọn jọ ya fọ́tò. Bàbá arúgbó kan dìde fún un nínú ọkọ̀ ojú irin. Èmi, ọ̀dọ́kùnrin kan fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ bi mí pé kí ni orúkọ ọmọ mi tó ń gba bọ́ọ̀lù, nítorí pé àwọn ọmọ Nàìjíríà máa ń gba bọ́ọ̀lù ní ìlú wọn. Mo ní ọmọ mi kì í gba bọ́ọ̀lù. Kò gbà mí gbọ́. Ó ní kí n má bẹ̀rù, òun kò ní sọ fẹ́nì kankan.

Ológbò pọ̀ níbẹ̀ ju èèyàn lọ. Wọ́n ń sùn lórí àga ilé oúnjẹ, wọ́n ń sùn lórí aṣọ títà, kò sí ẹni tó ń lé wọn. Bí ológbò bá sùn lórí gáùnù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Sàngó, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin kan ò ní gba gáùnù yẹn mọ́ láéláé, ẹ ó sì fi orúkọ mi sínú àdúrà. Níbẹ̀, ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á rọra fà á yọ lábẹ́ ológbò, á tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí wọ́n bá pe ìrun, ohùn á máa ti orí òkè kan bọ́ sí òmíràn. Ìyá Tọ́pẹ́ dúró gbọ́ ọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní, "Bí ẹni wà ní Ọ̀tà náà ni." Ìyẹn nìkan ló jọ ilé.

Oúnjẹ wọn kò ní ata. Wọ́n ní búrẹ́dì róbótó kan tí ihò wà láàárín rẹ̀, tí èso yànmọ̀tí bo gbogbo ara rẹ̀, ó dùn. Wọ́n ní ẹja tí wọ́n ń yan létí omi tí wọ́n ń fi sáàárín búrẹ́dì. Ìyá Tọ́pẹ́ yọ ìgò ata gbígbẹ tó gbé láti ilé, ó bù ú sórí ẹja tirẹ̀. Ọkùnrin tó ń yan ẹja wò ó, ó na ọwọ́ pé kó fún òun wò. Ó bu ata náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó wúkọ́, ó gbá àyà, ó sì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí àwọn náà wá jẹ nínú ìyà náà. Gbogbo wọn jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ń wúkọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn kò sì jẹ́ kí a tún ra oúnjẹ mìíràn níbẹ̀ títí a fi lọ, wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pé màá gbàgbé.

Aláṣọ

Ní ọjọ́ kẹta ni mo mú un lọ sí ọjà aṣọ. Ọjọ́ tèmi nìyẹn. Mo wọ jákẹ́ẹ̀tì tí mo fọwọ́ ara mi rán.

Ọjà náà wà lábẹ́ òrùlé, ó gùn láti ìhín dé ọ̀hún. Aláṣọ tí a yà sọ́dọ̀ rẹ̀ jẹ́ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Yúsúfù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó ti bá àwọn oníṣòwò Èkó ná ọjà pẹ́. Bó ṣe rí wa, ó ní, "How far, my people! Body dey inside cloth?" Ìyàwó mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú fún ẹ̀rín.

Wọn kì í ta ọjà fún èèyàn lójú ẹsẹ̀ níbẹ̀. O ó kọ́kọ́ jókòó ná, wọ́n á gbé tíì wá nínú ife kékeré, kò sí mílíìkì nínú rẹ̀, ó sì gbóná débi pé etí ife lèèyàn ń dì mú. Ẹ ó sọ̀rọ̀ ilé, ẹ ó sọ̀rọ̀ ọmọ. Mo fi ìka tọ́ aṣọ kan wò, mo sọ ohun tí wọ́n fi hun ún, mo sọ bí yóò ṣe ṣe bí a bá fọ̀ ọ́. Bàbá Yúsúfù gbójú sókè. Ó wá wo èjìká jákẹ́ẹ̀tì mi, ó yí etí rẹ̀ wò nínú, ó ní, "Na you sew am? Correct man." Inú mi dùn. Mo wo ojú ìyàwó mi láti mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ parọ́ ló dé yìí, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu bí oyin.

Bàbá náà wá kọjú sí i. "And madam, wetin be your work?"

"Tíṣà ni mí."

Ẹ ò ní gbàgbọ́. Bàbá náà dìde dúró. Ó gbé ọwọ́ lé àyà, ó tẹrí ba. Ó gbé àga tó ní tìmùtìmù, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń jókòó lé, ó fi fún un. Ó ní kí wọ́n gbé tíì mìíràn wá, ó da ti ìyàwó mi nù pé ó ti tutù. "Hocam" ni wọ́n máa ń fi pe olùkọ́ ní ìlú wọn, orúkọ ọ̀wọ̀ ni. Láti ìgbà náà, "hocam" níwájú, "hocam" lẹ́yìn. Nígbà tó fẹ́ mọ irú aṣọ tí mo fẹ́, ìyàwó mi ló bi. Mo rìn láti Sàngó dé ilẹ̀ Tọ́kì, Ọkọ Tíṣà náà ni mo tún jẹ́.

Ó bi í léèrè ohun tó gbé wa wá sí Ìsítáńbùlù. Ìyàwó mi kì í purọ́. Ó ní Róòmù ni òun bẹ Ọlọ́run fún, àwọn èèyàn ibẹ̀ ní rárá, Ọlọ́run wá gbé òun wá síbí.

Bàbá Yúsúfù fọwọ́ gbá orí aṣọ títà rẹ̀. Ó ní ṣé a ò mọ ìtàn ni? Ó ní ọba ńlá kan ti jẹ ní Róòmù láyé àtijọ́, kó tó di pé ó kó ìjọba rẹ̀ wá sí etí omi yìí, tó kọ́ ìlú sí i, tí wọ́n sì ń pe ìlú náà ní Róòmù Tuntun. "Hocam, you dey find Rome?" ó ní. "You dey inside Rome."

Ìyàwó mi gbé ife tíì sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo èèyàn, ohun tí kì í ṣe rárá ní Sàngó. "Dádì Tọ́pẹ́," ó ní, "ṣé ẹ gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Lórí omi

Omi ló la ìlú náà sí méjì. Ọkọ̀ ojú omi ń ti apá kan lọ sí èkejì, àwọn ẹyẹ funfun ńláńlá sì ń tẹ̀ lé e nítorí pé àwọn èrò ń ju búrẹ́dì sí wọn. Ìyá Tọ́pẹ́ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, ó ń ju búrẹ́dì, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́.

"Ẹ mọ ohun tó dùn mọ́ mi jù?" ó ní, kò wo ojú mi. "Mo ti rò pé Ọlọ́run ń bínú sí mi ni. Ogún ọdún ni mo fi ń kọ́ ọmọ Rẹ̀. Mo ní kí ni mo ṣe? Mo yẹ gbogbo ayé mi wò. Mo tiẹ̀ yẹ ìgbà ọmọdé mi wò. Mo rántí ẹran tí mo jí jẹ nínú ìkòkò ìyá mi, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá tó ti kú."

Bí ibì kan bá wà tó yẹ kí n ti sọ ọ́, ibẹ̀ ni. Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nínú ọkọ̀ náà. Ẹnu mi là. Mo ní kí n ra tíì wá fún un. Mo sì lọ ra tíì.

Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la ká padà, a wọ ilé ìjọsìn àtijọ́ kan, ibi tó tóbi débi pé bí èèyàn bá gbójú sókè, ọrùn á dùn ún. Ó bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, ó ń fọwọ́ kan òpó, ó ń sọ fún mi ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè jẹ́, kò sì mọ ìlú náà rí. Èmi ń gbé bàtà méjèèjì tẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Ẹ̀rí

Ìyókù ṣojú yín. Ẹ rí i lórí pẹpẹ pẹ̀lú aṣọ òkè rẹ̀. Ó ní òun bẹ Ọlọ́run fún Róòmù, àwọn èèyàn ti ilẹ̀kùn, Ọlọ́run sì mú òun gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ Róòmù mìíràn tí òun kò mọ̀ pé ó wà. Ẹ kígbe halelúyà títí òrùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Mo jókòó sórí àga àwọn díákónì, nínú aṣọ tí mo fọwọ́ ara mi rán, mo ń pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé mo pàtẹ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò ní Róòmù lára máàpù, ó fa òwú pupa náà wá sí Ìsítáńbùlù. Àwọn ọmọ yìn ín.

Lẹ́yìn náà ni ìyá kan nínú yín wá wọn aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Yunifásítì tí ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ kò gbà á. Ó ní òun ti fẹ́ kí ọmọ náà tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìyàwó mi ti la òun lójú, pé ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run bá tì, kí èèyàn má kàn án mọ́. Ọmọ náà ti lọ ń kọ́ṣẹ́ irun. Mo ń wọn èjìká ìyá náà lọ́wọ́, mo kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, mo sì kọ ọ́ sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni Pásítọ̀ ní kí n kọ ìwé. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ ọ́ dé ibi tí àwọn Róòmù ti ní rárá, ọwọ́ mi á dúró. Irọ́ tí mo fẹnu pa wọ́ọ́rọ́wọ́, mi ò lè fọwọ́ kọ ọ́.

Ọ̀sán Sátidé

Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ nígbà tí mo gbé àpòòwé náà wá láti ṣọ́ọ̀bù. Mo gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí ìkọ̀wé ara rẹ̀, ó yọ fọ́ọ̀mù náà jáde, ó rí fọ́tò rẹ̀ tó ṣì wà lára rẹ̀.

"Wọ́n dá a padà ni?"

"Mi ò fi sílẹ̀ rí."

Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. "Ta wá ni ó sọ pé rárá?"

"Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ọlọ́run ò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni."

Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀, títí kan Ọkọ Tíṣà. Mo sọ ti ìyá tó wá wọn aṣọ náà fún un. Mo rò pé á pariwo. Ó ń ti ẹ̀wà sí apá kan atẹ, ó ń tì í padà sí apá kejì.

"Nígbà tí mo ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀," ó ní, "tí ẹ ń bu omi fún mi. Ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí mo kúnlẹ̀ l'Átàn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì dúró níbẹ̀."

"Mo dúró."

Ó gbé atẹ ẹ̀wà náà dìde, ó wọlé. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ní, "Pásítọ̀ ní kí ẹ kọ̀wé. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí. Èmi ò ní padà gun pẹpẹ lọ sọ ọ́, èmi kọ́ ló purọ́. Ìyá ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ irun yẹn, ẹ lọ bá a nílé rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá ka ìwé."

Mo ti lọ. Kò rọrùn. Ọmọ náà á tún gbìyànjú lọ́dún tó ń bọ̀. Ìyá Sùnmbọ̀, bí ìwé yìí bá dé Àtàn, ẹ mọ̀ pé ìyàwó mi kò jẹ yín ní ẹ̀bẹ̀ kankan.

Ó ti dá òwú pupa náà padà sí Róòmù. Ọmọ kan bi í pé, "Tíṣà, ṣé ẹ ò tíì dé Róòmù ni?" Ó ní, "Mi ò tíì dé ibẹ̀. Màá dé ibẹ̀."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ fọ́ọ̀mù mìíràn. Kò yí ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ padà, Àpọ́sítélì náà ló kọ síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí yóò bá a lọ, ó kọ ọ́ pé kò sí. Mo rí i nítorí pé èmi ló gbé àpòòwé náà lé lọ́wọ́. Ó lè fún ẹlòmíràn. Ó lè gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bá mi fi sílẹ̀ ní Ìkẹjà," ó sì padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Mo fi sílẹ̀. Mo gba rìsíìtì, mo gbé e sórí tábìlì níbi tí yóò ti rí i. Wọn kò tíì fèsì. Òní ló di ọjọ́ kẹta tí mo ti ń gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, màá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìnkùlé, màá sì bu omi gbígbóná náà fún ara mi.